Bí Oyin Ṣe Mú Wọn Dé Bognin

Ta ló sọ fún yín pé nítorí ilẹ̀ tó dára ni àwọn baba ńlá yín ṣe tẹ̀dó sí Bognin? Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀ rí. Èmi ti fi kàn án. Iyanrìn ni lókè, omi ni nísàlẹ̀, pòtétò tó bá sì ta níbẹ̀ kò ju ẹyin adìẹ lọ. Ẹsẹ̀ ló kó wọn débẹ̀. Ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì jókòó. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ mi níhà ìyá, tí ẹ sì jẹ́ ọmọ Bognin níhà bàbá, ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n bó ṣe rí.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, nítorí náà ẹ má retí ọ̀rọ̀ ńláńlá. Ìyá bàbá yín ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo lọ bá màmá yín tọ́jú ọmọ ní ilẹ̀ Pólàǹdì. A jọ ń bó pòtétò, ó ń sọ, màmá yín ń túmọ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bákan náà ló sì ṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà mo gbà á gbọ́.

Ní ìgbà tí à ń wí yìí, kò tíì sí ẹni tó ń jọba lórí gbogbo ilẹ̀ Pólàǹdì. Igbó ni ilẹ̀ náà, igbó igi páìnì tó ga débi pé bí ènìyàn bá gbójú sókè wo orí wọn, fìlà rẹ̀ a jábọ́. Láàrin igbó yìí ni ìdílé mẹ́tàdínlógún kan ń gbé. Oyin ni iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe oyin inú àpótí tí wọ́n kùn lọ́dà bíi tèyí tí ẹ ń rí lẹ́yìn ilé bàbá yín àgbà o. Inú igi tó dúró lóòró ni oyin ń gbé nígbà náà. Wọn a fi igbà gun igi náà, bí àwọn ará ọ̀dọ̀ wa ṣe ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Wọn a gbẹ́ ihò sí i lára lókè lọ́hùn-ún, níbi tí béárì kò ti ní tètè dé. Wọn a fi pákó bo ẹnu ihò náà, wọn a fi ojú kékeré sílẹ̀, oyin a sì wọlé. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tó ń fi àáké kọ sára igi tirẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan igi tó ní àmì ẹlòmíràn, ìyà tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ máa sọ fún ọmọdé.

Olórí wọn ni Niemir. Igi mọ́kànlélógójì ló ní àmì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kì í nìyí:

Ọmọ agungi-má-wolẹ̀,
ọmọ afèéfín-bóyin-sọ̀rọ̀,
ọmọ ẹni tí béárì rí tó yà bàrá,
ó gbé igbà kọ́ èjìká, igbó là fún un.

Nísinsìnyí, ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé, ẹ má gbójú sí ibòmíràn. Ní èdè Pólàǹdì, bí ènìyàn bá kú, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń lò. Wọ́n á ní ó umarł. Bí ajá bá kú, tàbí màlúù, tàbí eku inú àká, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Wọ́n á ní ó zdechł. Ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ ẹran yìí tó fi sọ ikú ènìyàn, èébú gidi ló bú òkú yẹn, bí ìgbà tí ẹnìkan bá dúró láàrin ọjà ọ̀dọ̀ wa tó ń pariwo pé ọba kú, dípò kó ní ọba wàjà. Ṣùgbọ́n oyin ńkọ́? Nínú gbogbo ohun tó ń fò àti ohun tó ń fẹsẹ̀ rìn, oyin nìkan ni wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ ènìyàn fún. Títí di òní olónìí ni. Oyin kì í kú ikú ẹran.

Nítorí náà, bí olówó oyin bá papòdà, dandan ni kí wọ́n lọ sọ fún oyin kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Opó ni yóò sọ fún igi tó sún mọ́ ilé jù. Àkọ́bí ọkùnrin ni yóò sọ fún ìyókù. Wọn a kan igi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn a ṣí fìlà, wọn a sọ pé ọ̀gá yín ti lọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ ẹran sọ ọ́, oyin yóò gbà pé bí wọ́n ṣe máa sọ ti àwọn náà nìyẹn, wọn kò sì ní dúró.

Niemir já láti orí igi lọ́dún kan, nígbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló fọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà lórí ẹní. Àkọ́bí rẹ̀ ló ń gbé e, tó ń yí i, tó ń nù ún. Ó ni bàbá náà lára láti jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan òun. Bí ọmọ yìí bá sì fọwọ́ kàn án, a bú u pé ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Ìyàwó rẹ̀ kejì, Bogna, ló ń se oúnjẹ. Ìyá àkọ́bí yìí ti kú tipẹ́. Bogna sì kéré sí àkọ́bí náà lọ́jọ́ orí, nítorí náà ni ìyàwó àkọ́bí, Sulka tí ẹnu rẹ̀ kì í gbélé, ṣe ń pè é ní "ìyá ọkọ mi kékeré." Bó bá sọ ọ́, gbogbo obìnrin tó wà nídìí odò á bú sẹ́rìn-ín.

Ará òdìkejì àbàtà ni Bogna. Ní ilé bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún ikú ohun gbogbo. Ó gbìyànjú láti kọ́ bí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pààrọ̀ méjèèjì. Lọ́jọ́ kan, adìẹ rẹ̀ kú, ó sì fi ọ̀rọ̀ ènìyàn sọ ọ́ nídìí odò. Kò pẹ́ tí Sulka fi gbé búrẹ́dì dúdú kan dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, ìyá ọkọ mi kékeré. A gbọ́ pé adìẹ yín papòdà. Ìgbà wo ni ìsìnkú?"

Bogna gba búrẹ́dì náà, ó sì jẹ ẹ́. Ó ní ebi ń pa òun.

Ó kúkú tún ṣe irú rẹ̀ lọ́nà kejì. Ó fi ọ̀rọ̀ ẹran sọ ikú àgbàlagbà kan ládùúgbò, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, Niemir dákẹ́. Bogna fi ìborùn bo orí, ó ń sunkún lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó kan igi kan tó wà níbẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà. Àkọ́bí gbé igbà bàbá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wọ inú igbó lọ, òun nìkan, láti lọ bá ogójì igi tó kù. Ẹ rò ó wò, ogójì igi, òmíràn jìnnà sí èkejì tó ibi tí ènìyàn lè rìn títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi tutù. Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún. Ó ní, "Mo ti sọ fún wọn." Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì sùn kí wọ́n tó bu ọbẹ̀ fún un.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni oyin lọ.

Kò sí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà. Gbogbo oyin inú igi mọ́kànlélógójì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n pàdé lókè òrùlé Niemir, wọ́n dúdú bí èéfín, wọ́n sì dúró síbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fún wàrà màlúù kan tán. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí ìlà oòrùn, ó di fìrì. Oyin ti ìdílé yòókù náà sì gbéra tẹ̀lé wọn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, igbó ti dákẹ́ ṣíí.

Àwọn àgbà pe ìpàdé sí iwájú ilé òkú. Wọ́n ní ẹnu kan ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹnu ta ni? Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ Bogna.

Àgbà kan bi í pé, "Bogna, kí lo sọ fún wọn?"

"Mo sọ pé ọkọ mi ti..." Ó fi ìborùn nu ojú. "Mo rò pé mo sọ ọ́ dáadáa."

"O rò? Ṣé o lè búra?"

Obìnrin náà ronú. Ẹlòmíràn ì bá ti búra, kí ó sì máa lọ sílé. Ó ní, "Mo ń sunkún nígbà náà. N kò rántí èyí tí ẹnu mi mú. N kò lè búra."

Àkọ́bí Niemir fara ti òpó ilé. Ó di igbà tó wà ní èjìká rẹ̀ mú.

Ìdájọ́ tí wọ́n dá rèé. Wọ́n ní olóyin tí kò ní oyin kò ní ohun tó fẹ́ ṣe nínú igbó, nítorí náà gbogbo ilé yóò tẹ̀lé oyin. Ibi tí oyin bá bà sí, ibẹ̀ ni wọn yóò tẹ̀dó sí. Bogna yóò máa rìn ní ogójì ìṣísẹ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn. Bí wọ́n bá sì dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọn kò ní fún un ní ẹyin iná. Ó lè dàbí ìdájọ́ kékeré létí yín, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ni ẹ jókòó sí, tí oòrùn ń pa yín. Ní ilẹ̀ Pólàǹdì, ẹni tí kò ní iná nígbà tí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kò ní rí òpin oṣù náà.

Wọ́n dìde. Àkọ́bí ló ń lọ níwájú, nítorí òun nìkan ló lè fi etí gbọ́ ibi tí oyin gbà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Aṣáájú. Wọ́n ń kì í lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń lọ:

Aṣáájú, a-rìn-má-wẹ̀yìn,
ọmọ agungi-má-wolẹ̀,
ó gbọ́ ohùn oyin lókèèrè,
ó kó ìdílé mẹ́tàdínlógún bí ìyá adìẹ.

Oríkì náà dùn. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ fún yín bí ìrìn náà ṣe rí.

Èèpo igi ni wọ́n fi ń hun bàtà. Bàtà èèpo igi kì í lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lójú ọ̀nà, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, tí oúnjẹ kò tíì délẹ̀, gbogbo wọn á jókòó, wọ́n á máa hun bàtà tí wọn yóò wọ̀ ní ọjọ́ kejì. Ìka wọn ń ṣẹ̀jẹ̀. Ní ibì kan, wọ́n kó bàtà tó ti gbó jọ síbẹ̀, ó ga tó òkìtì ọ̀gán. Abúlé kan wà níbẹ̀ títí di òní, orúkọ tí wọ́n ń pè é ní èdè wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Bàtà Jíjá. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá nínú bọ́ọ̀sì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ilé epo kan lọ.

Inú ìkòkò amọ̀ ni wọ́n gbé ẹyin iná sí, tí wọ́n fi eérú bò ó. Ta ni ẹ rò pé ó ń gbé e? Àwọn obìnrin ni. Ẹṣin kan ṣoṣo tó wà, ẹrù àwọn ọkùnrin ló rù. Ọmọ tó bá sunkún, wọ́n á gbé e. Arúgbó tó bá jókòó, wọ́n á fà á dìde. Oyin yóò bà sórí ẹ̀ka kan fún ọjọ́ méjì, inú wọn á dùn, wọ́n á tú ẹrù, ní ọjọ́ kẹta oyin á tún gbéra. Wọ́n tú ẹrù, wọ́n di ẹrù, títí wọn kò fi tú u mọ́. Wọ́n kàn ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́ bí kò ṣe Sulka.

Bogna ń bọ̀ lẹ́yìn. Òun ló ń pọn omi fún gbogbo wọn, òun ló sì ń mu ún gbẹ̀yìn. Bó ṣe ń rìn ló ń tún ọ̀rọ̀ ènìyàn náà pè, kó má baà ṣì í mọ́. Ìṣísẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí ẹṣin bá fà sẹ́yìn, ìdí ẹṣin ló ń sọ ọ́ sí.

Sulka kígbe sẹ́yìn pé, "Ẹ gbọ́ ìyá ọkọ mi kékeré! Ó ti ń kọ́ ẹṣin lédè! Ẹ má ṣèyọnu, ìyá, ẹṣin náà á gbọ́ ọ kó tó kàn yín!"

Àwọn tó lè rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà o. Lójoojúmọ́, Bogna máa ń rí búrẹ́dì lórí kùkùté igi lójú ọ̀nà, wọ́n á ti gé e sí ìdajì. Àwọn kan nínú ìlú Bognin ń sọ pé iwin ló ń gbé e síbẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Iwin kì í fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì.

Ìgbà tí ẹ̀rùn wọn fẹ́ parí, wọ́n dé odò kan tó fẹ̀. Arúgbó obìnrin kan tó fọ́ lójú kan ló ń tu ọkọ̀ níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ló fi kó wọn kọjá, ìdílé kan lẹ́yìn ìdílé kan. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn bí kò ṣe bàtà tuntun kan, ó ní ẹsẹ̀ òun ń tutù. Nígbà tí gbogbo wọn ti gúnlẹ̀, ó fi àjẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ó sì sọ pé:

"Oyin yín gba orí mi kọjá lánàá.
Ẹ má wá ilẹ̀ tó dára.
Ibi tí wọ́n bá so rọ̀ sí lórí ẹ̀ka, tí wọ́n kọ̀ láti wọ inú ihò, ibẹ̀ ni ilé yín.
Ẹnu tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni kó tún un sọ.
Ẹnu mìíràn kò ní gbà á.
Bí yìnyín bá bò wọ́n lórí ẹ̀ka, ẹ kò ní rí wọn mọ́ láéláé."

Bogna ló wọ ọkọ̀ kẹ́yìn, ó sì tún ń kùn lábẹ́ ẹnu nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Arúgbó náà bi í pé, "Kí lò ń sọ, ọmọ mi?"

"Ọ̀rọ̀ kan ni, ìyá. Mò ń kọ́ ọ."

"Tún un sọ." Ó tún un sọ. Arúgbó náà fi ojú kan tó kù wò ó. "Kò sí ohun tó ṣe ọ̀rọ̀ yẹn," ló wí, ó sì tu ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn odò, ní àárọ̀ tí omi dì nínú korobá fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n bá oyin lórí igi óákù kan tó tẹ̀. Ẹ má bi mí bí oyin ṣe ń fò nínú òtútù. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n so rọ̀ sórí ẹ̀ka bí àpò ńlá, ihò tó dára sì wà lára igi kan náà, kò ju apá méjì lọ sí wọn. Wọn kò wọ̀ ọ́.

Gbogbo ènìyàn jókòó. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jókòó. Orí òkè iyanrìn kékeré kan ni wọ́n jókòó sí, títí di òní orúkọ òkè náà ni Ìjókòó. Ẹni tó bá gùn ún, ó gbọ́dọ̀ fìdí kan ilẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀, bí kò tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́.

Bogna kò jókòó. Ó lọ sábẹ́ ẹ̀ka náà, ó tú ìborùn rẹ̀, ó kan igi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì sọ pé ọ̀gá wọn ti lọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Oyin kò mira. Ó tún un sọ. Wọn kò mira. Àwọn àgbà dá iná kan ṣoṣo sí àárín, wọ́n ní kó máa sọ ọ́ lọ níbi tó wà, kó má wá sí ìdí iná. Ọjọ́ kìíní ń lọ. Ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ há. Wọ́n ní ó ṣì ń ṣì í pè ni, pé ahọ́n àbàtà kò ṣeé tún ṣe. Ó wé ara rẹ̀ mọ́ àpò, ó ń gbọ̀n, ó ń sọ ọ́. Ọjọ́ kẹta, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ó ń funfun lórí ẹ̀ka. Ó ń funfun lórí oyin.

Àgbà kan ní, "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Kò lè sọ ọ́."

Sulka ló dìde. Sulka kan náà. Ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò nílé. Ó ní:

"Ó sọ ọ́ dáadáa."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ó sọ ọ́ dáadáa! Ẹ fetí sílẹ̀ kẹ̀! Èmi tí mo fi í ṣe ẹlẹ́yà láti ilé ni mò ń wí o. Ìyá mi tó bí mi kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oyin bá kọ̀ ọ́, kì í ṣe ẹnu tiẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè." Ló bá yí ojú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, igi kan ṣoṣo ni obìnrin yìí kàn. Ìwọ kan ogójì."

Aṣáájú bọ́ igbà kúrò ní èjìká. Kò tíì bọ́ ọ láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti dákẹ́, kódà bó bá ń sùn. Ó gbé e sílẹ̀ lórí yìnyín.

"Igi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, mo sọ ọ́ bó ti yẹ," ló wí. "Mo ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà òjò dé. N kò tíì sùn fún ọjọ́ mẹ́fà, ọrùn mi ń dùn mí níbi tí bàbá mi máa ń dì mú bí mo bá gbé e. Mo dé ìdí igi kẹrìndínlógún, mo sì ní, 'Ó ti kú bí ẹran. Ẹ gbọ́? Ó ti tán.' Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ ọ́. Nígbà tí mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó rọ̀ mí lọ́rùn. Ó kúrú. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ dé igi tó gbẹ̀yìn. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀."

Àwọn àgbà dìde nídìí iná.

Àgbà tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bi í pé, "O jẹ́ kí obìnrin yìí fẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà yìí lẹ́yìn wa?"

"Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́la. Ojoojúmọ́ ni mo ń wí bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti wá ṣú, á ti rẹ̀ mí."

Ó lọ sábẹ́ ẹ̀ka náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó bàbá rẹ̀. Ó ṣí fìlà. Igi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló sì sọ ọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ènìyàn, ó ń kan igi láàrin wọn. Nígbà tó sọ ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oyin kan bọ́ sílẹ̀ lára àpò náà, ó rá lọ sí ẹnu ihò, ó wọlé. Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn ṣàn wọlé bí ìgbà tí wọ́n da ọkà láti inú igbá, yìnyín sì ń bọ́ sórí ẹ̀ka tó ṣófo.

Àwọn àgbà ní ìdájọ́ kan náà ni yóò jẹ́. Ẹni tó jẹ̀bi kò ní gba iná. Wọ́n ní kó máa lọ.

Bogna, tí ohùn rẹ̀ kò jáde mọ́, gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní láti sún mọ́ ọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

"Ẹ̀yin àgbà, bí ẹ bá lé e, ta ni yóò gun igi fún yín? Gbogbo yín, orúnkún ń dùn yín." Ó yíjú sí Aṣáájú. "Ìwọ, mo jẹ búrẹ́dì rẹ, mo sì mọ ọ̀bẹ rẹ. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe ọ́. Lọ ṣẹ́gi wá. Òtútù ń pa mí."

Ó lọ ṣẹ́gi. Bogna fúnra rẹ̀ ló bu ẹyin iná láti inú ìkòkò, iná rẹ̀ sì ni iná ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n dá ní ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe ń pe ìlú náà ní Bognin, ìyẹn ni "ti Bogna." Wọ́n fẹ́ fi orúkọ Aṣáájú pè é, òun ló kọ̀. Ó ní kí wọ́n máa ki òun bí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe fi orúkọ tí bàbá òun sọ òun pe ilẹ̀, tàbí odò, tàbí ọmọ. Ó ní ibi kan ṣoṣo ni kí wọ́n ti máa dárúkọ náà, níwájú oyin. Títí ó fi darúgbó, òun ló ń ṣẹ́gi fún Bogna. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sulka ń sọ tó fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí nìyí. Bí olówó oyin bá papòdà ní Bognin, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sáré lọ bá oyin. Wọn á gbé àga kan sí iwájú ilé oyin. Àkọ́bí, ọkùnrin tàbí obìnrin, á kọ́kọ́ jókòó. Wọn á fún un lómi, wọn á fún un ní búrẹ́dì àti iyọ̀. Ẹnìkan á dúró tì í kó lè gbọ́ ohun tó bá sọ. Ó lè jókòó títí oòrùn yóò fi fẹ́ wọ̀, kò sẹ́ni tó máa kán an lójú. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ó ti sinmi, tó bá ní rárá, wọn á tún bu omi fún un. Ìgbà tó bá ní ó ti tó ni yóò dìde, yóò kan ilé oyin kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò sì sọ ọ̀rọ̀ ènìyàn. Mo rí i nígbà tí bàbá yín àgbà lọ. Bàbá yín ló jókòó sórí àga náà, ó pẹ́ gan-an, ojú rẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn tó sọ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fọwọ́ lé ilé oyin tó gbẹ̀yìn, ó sì dárúkọ ẹni tó ṣì í sọ nígbà ìwáṣẹ̀, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe, kí oyin lè mọ̀ pé kì í ṣe Bogna, pé Gniewomir ni.